Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: mo fẹ́ fọ inú lẹ́yìn ọdún, bẹ́ẹ̀ mò ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru

Àdùkẹ́ Mọ́kọ́lá

Ẹ kú ọdún, ẹ kú ìyèdún o, ẹ̀yin èèyàn mi. Láti ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú Kérésì títí tí a fi wọ ọdún tuntun, kò sí ọjọ́ tí kò sí ìrẹsì, ẹran díndín àti mọ́ọ̀tì tútù nílé wa. Ní báyìí inú mi wú, ó le, ìgbẹ́ kì í sì í yá mi mọ́. Bí mo bá tiẹ̀ jókòó sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀, màá máa tiraka ni.

Obìnrin kan tí a jọ ń tajà ń ta tíì afọnú kan tó wà nínú páálí. Ó tún ní àgúnmu kan nínú ọ̀rá tí wọ́n ń fi omi ọsàn wẹ́wẹ́ mu. Ó ní kí n máa mu tíì náà lálaalẹ́ fún oṣù kan, kí n máa mu àgúnmu láàárọ̀ kí n tó fi nǹkan kan sẹ́nu, kí n má sì jẹ oúnjẹ gidi kankan ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. Ó ní gbogbo ìdọ̀tí tó ti lẹ̀ mọ́ ìfun mi láti ọdún gbọ́nhan ni yóò já bọ́.

Ohun tó dá mi dúró ni pé mo ti lé ní ogójì ọdún, mo sì ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru méjì: amlodipine àti èyí tó ń mú ni tọ̀. Ọmọbìnrin mi, ọmọ ọdún 15, náà ní òun fẹ́ bá mi ṣe é. Ẹ̀yin nọ́ọ̀sì, ẹ̀yin eléwé, ẹ̀yin tí ẹ ti ṣe é rí, ẹ jọ̀ọ́, báwo ni mo ṣe lè ṣe é tí kò ní dá àìsàn sí mi lára?

Ìyá Ìbejì, Ìjọ̀kòdó

Àdùkẹ́, ẹ kú ìnáwó ọdún. Nílé tiwa, tí oṣù kìíní bá ti dé, a kì í ra nǹkan kan láti fi fọ inú. Ńṣe la máa ń yọ nǹkan kúrò. Kò sí mọ́ọ̀tì, kò sí mínírà, kò sí ohun díndín, ọtí kì í sì í wọlé. Láàárọ̀, ògì bàbà pẹ̀lú mọ́ínmọ́ín tàbí ẹ̀wà sísè. Lọ́sàn-án, ẹ̀fọ́ rírò tí epo rẹ̀ kò pọ̀, pẹ̀lú ẹja àti àmàlà tí kò tóbi. Lálẹ́, èso: ìbẹ́pẹ tó pọ́n dáadáa, ọsàn tí a jẹ tòun ti háhá rẹ̀, tàbí òfio tí a ti rẹ. A máa ń jẹun alẹ́ kí ilẹ̀ tó ṣú pátápátá, a ó wá fẹsẹ̀ rìn lọ sí òpin àdúgbò kí a padà.

Ewédú àti ilá máa ń ran ìgbẹ́ lọ́wọ́ gan-an, ṣùgbọ́n ẹ̀yin tí ẹ ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, ẹ má fi káún sè é. Sodium tó wà nínú iyọ̀ ló pọ̀ nínú káún náà, òun ni wọ́n sì ní kí ẹ dín kù. Ewédú tuntun tí ẹ fi ìjábẹ̀ já dáadáa lórí iná yóò yọ̀ láìsí káún. Ẹ ṣáà má jẹ́ kí ó pẹ́ lórí iná.

Apòògùn Ṣágámù

Ẹ kú ọdún, Àdùkẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì fi ẹnu kan tíì yẹn. Ẹ yí páálí rẹ̀ padà kí ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sẹ́yìn. Tí ẹ bá rí senna, cassia, cascara tàbí aloe níbẹ̀, oògùn ìgbẹ́ ni ẹ rà, ẹni tó tà á fún yín ì báà máa pè é ní tíì.

Bí senna ṣe ń ṣiṣẹ́ rèé. Tí ẹ bá mu ún, ó máa gba inú ìfun kékeré kọjá láìṣe nǹkan kan, àfi tó bá dé ìfun ńlá tí àwọn kòkòrò tó ń gbé níbẹ̀ á yí i padà. Ibẹ̀ ló ti máa ń ta ògiri ìfun jí, tí ìfun á bẹ̀rẹ̀ sí í fún ara rẹ̀, tí kò sì ní ráyè fa omi tó wà nínú ìgbẹ́ padà sínú ara. Ó máa ń tó wákàtí 6 sí 12 kí èyí tó ṣẹlẹ̀, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ní kí ẹ mu ún lálẹ́. Nígbà tí ó bá fi máa di àárọ̀, inú á fúyẹ́, ìró á so mọ́ ìdí, inú onítọ̀hún á dùn. Ṣùgbọ́n omi àti ìgbẹ́ ló jáde. Ọ̀rá tó wà lára kò kúrò níbì kankan, torí ìfun kékeré ti gba agbára inú oúnjẹ sára kí tíì tó débi tó ti ń ṣiṣẹ́. Tí ẹ bá ti mu omi tán, ìwọ̀n yín á padà síbi tó wà.

Ohun tó wá ń bà mí lẹ́rù nípa tiyín gan-an ni oògùn tó ń mú ni tọ̀. Ẹ wo orúkọ rẹ̀. Tí ó bá jẹ́ hydrochlorothiazide tàbí furosemide, ó máa ń kó potassium jáde nínú ìtọ̀. Ìgbẹ́ gbuuru tí tíì ń fà náà ń kó o jáde. Potassium ló ń jẹ́ kí iṣan ṣiṣẹ́, títí kan iṣan ọkàn. Tí ó bá ti wá sílẹ̀ jù, ẹsẹ̀ á máa rọ, iṣan á máa fà, ọkàn á máa lù ségesège. Ìfun pàápàá á rọ, kò ní lè ti ìgbẹ́ síwájú mọ́. Ọ̀pọ̀ tó ti fi tíì yìí ṣe oúnjẹ alẹ́ ló jẹ́ pé inú wọn wá le ju bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ lọ, wọ́n á sì fi kún tíì. Senna kì í ṣe ohun tí a ń mu fún oṣù kan. Kò yẹ kó kọjá ọ̀sẹ̀ kan láìjẹ́ pé dókítà ló ní kí ẹ lò ó.

Ẹ tún gbọ́ èyí: amlodipine fúnra rẹ̀ lè mú kí inú le fún àwọn kan, oògùn tó ń mú ni tọ̀ sì ń fa omi kúrò lára. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ara oògùn yín ni wàhálà yìí ti ń wá, tí oúnjẹ ọdún wá fi kún un. Ẹ má dá oògùn dúró o! Ẹ sọ ọ́ fún ẹni tó kọ ọ́ fún yín, oríṣiríṣi ni oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru.

Lórí nọ́ńbà NAFDAC tí àwọn olùtajà máa ń na ìka sí: ẹ ka ohun tó wà nísàlẹ̀ páálí náà. Lára ọ̀pọ̀ oògùn ewé ni wọ́n kọ ọ́ sí ketekete pé NAFDAC kò tíì yẹ ohun tí wọ́n sọ pé ó ń ṣe wò. Ní Amẹ́ríkà, láti ọdún 2002 ni àjọ FDA ti ní kí wọ́n yọ aloe àti cascara kúrò nínú oògùn ìgbẹ́ tí èèyàn lè dá rà lórí káńtà, nítorí pé àwọn tó ń ṣe é kò mú ẹ̀rí wá pé kò léwu.

Fún àwọn mìíràn tó ń ka èyí: ẹ̀yin tí ẹ ń lo oògùn ìfètòsọ́mọbíbí oníhóró, ìgbẹ́ gbuuru tó bá le tó sì ju ọjọ́ kan lọ lè jẹ́ kó má ṣiṣẹ́. Èédú oníkóró tí wọ́n ń tà pé ó ń fa májèlé náà máa ń fa oògùn yín mọ́ra, kó tó ráyè wọnú ẹ̀jẹ̀. Ọsàn ńlá tó korò díẹ̀ tí àwọn ọlọ́sàn ń pè ní girépù, tó máa ń wà nínú ọ̀pọ̀ omi èso afọnú, kò bá oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tó ń jẹ́ nifedipine mu, bẹ́ẹ̀ ni kò bá simvastatin, oògùn tó ń dín ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ kù, mu.

Ọmọ Eléwé Ọmọ, Bódìjà

Ẹ kú àlàyé, apòògùn. Mo fẹ́ dá sí i torí pé iṣẹ́ ìyá mi ni mò ń ṣe.

Àsunwọ̀n tí à ń tà nísọ̀, ìbátan senna inú páálí ni. Iṣẹ́ kan náà ni wọ́n ń ṣe, ẹni tó bá sì mọ iṣẹ́ eléwé mọ̀ pé kì í ṣe ewé tí a ń bù fún ẹnikẹ́ni tó bá na owó. Ìyá mi kì í ta á fún aboyún. Kì í ta á fún ẹni tó ń fún ọmọ lọ́mú, kì í sì í ta á fún ẹni tí inú ń run gidigidi tí kò tíì mọ ohun tó ń run ún. Á bi ọ́ pé, ta ló fẹ́ lò ó, ọmọ ọdún mélòó ni, kí lo ti lò mọ́ ọn tẹ́lẹ̀. Tí ìdáhùn kò bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, owó rẹ á dúró sọ́wọ́ rẹ. Àárọ̀ ọjọ́ kan ṣoṣo ló wà fún, á sì ní kí onítọ̀hún mu ẹ̀kọ gbígbóná lé e.

Àgúnmu inú ọ̀rá yẹn ló kọ mí lóminú jù. Àdùkẹ́, ẹ bi obìnrin náà pé kí ló gún pọ̀. Kó dárúkọ ewé àti egbò kọ̀ọ̀kan. Eléwé tó gún un fúnra rẹ̀ á kà wọ́n fún yín láìronú. Ẹni tó bá ní "oríṣiríṣi ewé ni," ẹ má ra nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀, torí ó rà á lọ́wọ́ ẹlòmíràn ni, òun náà kò mọ ohun tó wà níbẹ̀. Ẹ bù díẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́. Tí ó bá ń di kókó, tàbí tó ń rùn bí aṣọ tó pẹ́ nínú omi, ó ti bu. Tí ẹ bá rí i tó ń dán bí iyanrìn, ẹ̀gbẹ́ títì ni wọ́n sá a sí, eruku àti èéfín mọ́tò ti bá a jẹ.

Ẹ sọ́ra fún agbo jẹ̀díjẹ̀dí tí wọ́n fi ògógóró rẹ. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru àti ọtí kì í ṣọ̀rẹ́. Ẹ má sì mu ti ìsọ̀ yìí láàárọ̀, ti ìsọ̀ tọ̀hún lálẹ́. Èmi kò mọ ohun tí ẹnìkejì mi fi sínú tirẹ̀, òun náà kò mọ tèmi.

Táyé, Peckham

Ẹ kú ọdún láti ọ̀dọ̀ wa níbí. Ti àwa ará Lọ́ńdọ̀nù tún yàtọ̀. Àwọn kan ń sanwó kí wọ́n máa fi rọ́bà fa omi sí wọn nídìí, àwọn mìíràn ń fi kọfí ṣe é nílé fúnra wọn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe é. Rọ́bà lè gún ìfun lu. Kọfí gbígbóná lè bó ìfun láti inú, àwọn kan sì ti kó àrùn síbẹ̀. Tí ìfun bá ti lu, iṣẹ́ abẹ ló kù.

Àwọn tó ń fi ẹ̀fọ́ tútù lọ omi aláwọ̀ ewé mu ní ife ńláńlá lójoojúmọ́, ẹ dín in kù pẹ̀lú. Ohun kan wà nínú ẹ̀fọ́ bíi sípínáàṣì àti tẹ̀tẹ̀ tí wọ́n ń pè ní oxalate. Tí èèyàn bá ń mu ún lámujù, ó lè di òkúta kékeré sínú kíndìnrín, pàápàá fún ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ kò lágbára tẹ́lẹ̀. Ẹ̀fọ́ tí a bọ̀, tí a da omi rẹ̀ nù, kí a tó rò ó, kò ní ín tó bẹ́ẹ̀. Ọgbọ́n tí àwọn ìyá wa ń dá nìyẹn.

Nọ́ọ̀sì Mopé

Àdùkẹ́, ẹ kú ọdún. Kí n tó sọ ohunkóhun, mo fẹ́ bi yín. Ìgbà wo ni inú líle yìí ti bẹ̀rẹ̀, ṣé lẹ́yìn ọdún yìí ni àbí ó ti ń bá a bọ̀? Ṣé ẹ ti rí ẹ̀jẹ̀ rí nígbà tí ẹ bá yàgbẹ́? Ṣé ẹ ń rù láìjẹ́ pé ẹ fẹ́ rù? Ṣé ẹnikẹ́ni nínú ẹbí yín ti ní àìsàn ìfun rí?

Àdùkẹ́ Mọ́kọ́lá

Ẹ ṣeun, ẹ̀yin èèyàn mi. Mo ti yí páálí náà padà: senna ni wọ́n kọ sí òkè pátápátá. Oògùn tó ń mú mi tọ̀ náà, hydrochlorothiazide ni. Mo béèrè ohun tó wà nínú àgúnmu, obìnrin náà ní àṣírí ìdílé ni.

Nọ́ọ̀sì, ká sọ òótọ́, kì í ṣe ti ọdún yìí nìkan. Láti bí oṣù mélòó kan sẹ́yìn ni ìgbẹ́ mi ti yí padà. Jẹ̀díjẹ̀dí ni mo kà á sí, torí ẹ̀jẹ̀ máa ń kán díẹ̀ sínú àwo ìgbọ̀nsẹ̀ nígbà mìíràn. Agbo jẹ̀díjẹ̀dí ni mo ń mu sí i. Àbúrò bàbá mi kan kú nínú àìsàn ikùn, ṣùgbọ́n wọn kò sọ irú èyí tó jẹ́ fún wa. Ó wà lára ohun tó mú kí n fẹ́ fọ inú.

Nọ́ọ̀sì Mopé

Ẹ ṣeun tí ẹ sọ ọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé tíì àti àgúnmu yẹn sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan pátápátá. Dókítà ló kàn.

Mi ò sọ èyí láti dẹ́rù bà yín. Ẹ̀jẹ̀ pupa díẹ̀ nígbà tí ẹ ń tiraka láti yàgbẹ́, iṣan ìdí tó wú ló sábà máa ń fà á, ìyẹn náà sì ní ìtọ́jú. Ṣùgbọ́n jẹjẹrẹ ìfun ńlá náà máa ń ṣẹ̀jẹ̀, èèyàn sì lè ní méjèèjì pọ̀. Ojú lásán kò lè fi ìyàtọ̀ hàn. Mo ti wà ní wọ́ọ̀dù tí a ti gba àwọn tó fi ọdún gbáko tọ́jú jẹ̀díjẹ̀dí pẹ̀lú agbo, tó jẹ́ pé nígbà tí wọ́n máa fi dé ọ̀dọ̀ wa, ohun tó wà nínú ìfun ti dí ọ̀nà. Wọ́n ń mu ohun tó ń ya ìgbẹ́, ó sì ń yà lóòótọ́, ni wọ́n ṣe rò pé ara ń yá. Oògùn ìgbẹ́ máa ń bo ìyípadà tó yẹ kí ẹ ṣàkíyèsí mọ́lẹ̀.

Tí ẹ bá dé ọ̀dọ̀ dókítà, ẹ má jẹ́ kí ojú tì yín. Á wọ ìbọ̀wọ́, á fi ìka yẹ ìdí yín wò, kì í gbà ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ. Wọ́n á gba ẹ̀jẹ̀ láti wo PCV, kí wọ́n lè mọ̀ bóyá ẹ̀jẹ̀ ti dín kù lára yín. Ẹ ní kí wọ́n wo potassium àti kíndìnrín yín mọ́ ọn. Tí ó bá yẹ, wọ́n á ní kí ẹ lọ fi ẹ̀rọ tẹ́ẹ́rẹ́ tó ní kámẹ́rà lẹ́nu wo inú ìfun. Ẹ sọ nípa àbúrò bàbá yín fún wọn, bí ẹ kò tilẹ̀ mọ orúkọ àìsàn náà.

Nípa ìdọ̀tí tó lẹ̀ mọ́ ìfun láti ọdún gbọ́nhan: àwọn dókítà tó ń fi kámẹ́rà wo inú ìfun lójoojúmọ́ kì í bá irú nǹkan bẹ́ẹ̀ níbẹ̀. Awọ inú ìfun máa ń bó fúnra rẹ̀, òmíràn á sì hù dípò láàárín ọjọ́ díẹ̀. Ohun gígùn tó ń fà bí okùn tí àwọn kan máa ń ya fọ́tò rẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n bá lo ìyẹ̀fun afọnú, ìyẹ̀fun náà fúnra rẹ̀ ló wú nínú omi tó sì dì.

Ara ní ẹni tó ń fọ̀ ọ́. Kíndìnrín méjèèjì ń sẹ́ nǹkan bí lítà omi 180 lóòjọ́, wọ́n ń dá èyí tó pọ̀ jù padà sínú ẹ̀jẹ̀, lítà kan sí méjì péré ni wọ́n ń yọ jáde bí ìtọ̀. Ẹ̀dọ̀ ń tú ọtí àti oògùn palẹ̀ lọ́sàn-án lóru. Ohun tí a lè ṣe fún wọn ni kí a má di ẹrù tó pọ̀ jù lé wọn lórí. Káún, ọtí, àgúnmu aláìlórúkọ, oògùn ara ríro tí a ń gbé mì bíi gúgúrú: ẹrù gbogbo ìyẹn, àwọn náà ló ń gbé e.

Táyé, Peckham

Nọ́ọ̀sì, ẹ jẹ́ kí n fi èyí kún un fún àwọn ará wa tó wà lókè òkun. Ní England, ẹni tó bá ti pé ọdún 50, wọ́n máa ń fi páálí kékeré kan ránṣẹ́ sí i nílé ní ọdún méjì méjì pé kó bu ìgbẹ́ díẹ̀ sínú rẹ̀ kó dá a padà, kí wọ́n lè fi wá ẹ̀jẹ̀ tí ojú kò rí. Ọ̀pọ̀ àwọn àgbà wa ló ń sọ ọ́ sínú pàǹtí torí wọ́n kà á sí ohun ìríra. Ẹ bá wọn sọ̀rọ̀. Ní Amẹ́ríkà, ọdún 45 ni wọ́n ní kí àyẹ̀wò ti bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá ń rí ẹ̀jẹ̀ kò gbọ́dọ̀ dúró de páálí tàbí ọjọ́ orí kankan.

Alhaja Rukayat, Òṣogbo

Àsàlámù àlékùn. Ẹ kú ọdún gbogbo yín. Mo rí i pé wọ́n ní kí Àdùkẹ́ má jẹun gidi fún ọ̀sẹ̀ kan. Àwa tó ń gba àwẹ̀ Rámádáánì mọ̀ pé àwẹ̀ ní ètò. A máa ń jẹ sààrì kí ilẹ̀ tó mọ́, a sì máa ń ṣínu nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, pẹ̀lú dàbínù àti omi, kí oúnjẹ tó tẹ̀ lé e. Ẹ̀sìn fúnra rẹ̀ ní kí aláìsàn gbé e sílẹ̀ di ìgbà tí ara bá yá.

Èmi ń tọ́jú ìtọ̀ ṣúgà. Kí Rámádáánì tó wọlé ni mo máa ń lọ bá dókítà kó tún oògùn mi tò. Ẹni tó bá ń lo glibenclamide tàbí tó ń gún insulin, tó wá ń fi omi ọsàn wẹ́wẹ́ lásán gbé ọjọ́ méjì mẹ́ta, ṣúgà rẹ̀ lè já wálẹ̀ lójijì. Á máa gbọ̀n, á làágùn, ojú á ṣú. Tí kò bá sí ẹni nítòsí, ó lè bá a lọ.

Káyọ̀dé Akúrẹ́

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ rántí àwọn SS, ìyẹn àwọn tó ní àrùn inú ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń pè ní sickle cell. Àbúrò mi obìnrin wà lára wọn. Tí omi bá ti dín lára rẹ̀, àwọn sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ pupa á dì pọ̀, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ̀rora nínú egungun. Ìgbẹ́ gbuuru kan ṣoṣo ti tó láti gbé e dé ilé ìwòsàn. Kò sí tíì afọnú, kò sí àwẹ̀ omi, kò sí agbo ìgbẹ́ fún SS. Ẹ̀yin tí ẹ ń tà á, ẹ máa béèrè lọ́wọ́ oníbàárà.

Ìyá Ìbejì, Ìjọ̀kòdó

Àdùkẹ́, ọ̀rọ̀ ọmọ yín obìnrin ló kù. Ọmọ ọdún 15 ṣì ń dàgbà, ó sì ti ń rí nǹkan oṣù rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ń lọ lára rẹ̀. Ẹ má jẹ́ kó fi ẹnu kan oògùn ìgbẹ́. Ẹ fi pẹ̀lẹ́tù bi í léèrè ìdí tó fi fẹ́ ṣe é. Lójú fóònù ni púpọ̀ nínú wọn ti ń rí ikùn pẹlẹbẹ. Tí ó bá ti ń sá fún oúnjẹ, tí ó ń wọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ní gbàrà tó bá jẹun tán, tàbí tí ẹ rí tíì nínú báàgì rẹ̀, ẹ pè é jókòó, ẹ má nà án, ẹ má fi í ṣẹ̀sín. Kó bá yín jẹ oúnjẹ tí ẹ̀yin náà ń jẹ.

Apòògùn Ṣágámù

Ọ̀rọ̀ Nọ́ọ̀sì ló ṣáájú. Láàárín àsìkò yìí tí ẹ ń retí dókítà, Àdùkẹ́, ẹ lè ṣe bí Ìyá Ìbejì ṣe sọ, ṣùgbọ́n ẹ máa fi ẹ̀wà àti ẹ̀fọ́ kún oúnjẹ díẹ̀díẹ̀. Tí ẹ bá kó gbogbo rẹ̀ jẹ lẹ́ẹ̀kan, inú á tún wú sí i. Ẹ máa mu omi tẹ̀ lé e káàkiri ọjọ́, ẹ má da lítà méjì sọ́nà ọ̀fun lẹ́ẹ̀kan náà, torí omi àmujù lójijì lè mú kí sodium inú ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀ jù, ó sì lè dá gìrì sílẹ̀. Ẹ gbé àpótí kékeré sábẹ́ ẹsẹ̀ tí ẹ bá jókòó sórí àwo ìgbọ̀nsẹ̀ òyìnbó, kí orúnkún ga ju ìdí lọ, ìgbẹ́ á rọrùn láti jáde. Tí ó bá le jù, oògùn kan wà tí wọ́n ń pè ní lactulose. Omi ló ń fà wá sínú ìgbẹ́ kó lè rọ̀, kò ń ta ìfun jí bíi senna. Ẹ béèrè lọ́wọ́ dókítà tàbí apòògùn gidi kí ẹ tó rà á.

Ẹni tó bá ti mu ohun afọnú tán kó tó ka èyí, tí ìgbẹ́ kò sì dúró: ẹ da ọ̀rá omi 50cl méjì sínú ìkòkò mímọ́, ìyẹn lítà kan. Ẹ bu ṣíbí tíì 6 ṣúgà tí ẹ rẹ́ lórí, àti ìlàjì ṣíbí tíì iyọ̀, ẹ rò ó pọ̀, kí ẹ máa mu ún díẹ̀díẹ̀. Ẹ má fi iyọ̀ mìíràn kún un ju ìyẹn lọ. Ìgbẹ́ gbuuru nìkan la ń lò ó fún, kì í ṣe omi mímu ojoojúmọ́ fún ẹlẹ́jẹ̀ ríru.

Tí òòyì bá ń kọ́ ẹ tí ẹ bá dìde, tí ọkàn bá ń lù kìkì tàbí tó ń fo, tí ìtọ̀ kò bá jáde mọ́ tàbí tó pọ́n bíi tíì dúdú, tí ìgbẹ́ bá dúdú bí ọ̀dà tàbí tí ẹ̀jẹ̀ bá pọ̀ níbẹ̀, tí inú bá ń run tí kò dáwọ́ dúró, tí ẹ bá ń bì, tí ẹyinjú bá di àwọ̀ yẹ́lò bí òróró: ilé ìwòsàn ni, lálẹ́ ọjọ́ náà. Ẹyinjú tó di yẹ́lò lẹ́yìn àgúnmu lè túmọ̀ sí pé ó ti kan ẹ̀dọ̀.

Àdùkẹ́ Mọ́kọ́lá

Ẹ̀yin ará mi, Ọlọ́run á máa ṣọ́ yín. Ọkọ mi ti ka gbogbo rẹ̀, ó ní Mọ́ńdè ni a ó lọ, òun á tì mí lẹ́yìn. Mo ti dá owó tíì náà sílẹ̀ bíi owó tó sọnù. Ọmọ mi bínú díẹ̀, ṣùgbọ́n a jọ já ewédú lónìí. Ìbéèrè kan péré ló kù mí: ṣé kí n sọ fún dókítà pé mo ti ń mu agbo jẹ̀díjẹ̀dí? Ẹ̀rù ń bà mí pé wọ́n á bú mi.

Nọ́ọ̀sì Mopé

Ẹ sọ ọ́. Ẹ sọ bó ṣe pẹ́ tó, ife mélòó lóòjọ́, àti bóyá ti ọtí ni àbí ti omi. Ẹ gbé páálí tíì náà dání, ẹ bu àgúnmu díẹ̀ sínú ọ̀rá mímọ́, kí ẹ sì kó gbogbo sáṣẹ́ẹ̀tì oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru yín sínú báàgì kan. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni kọ oògùn míì fún yín kó tó wo inú báàgì náà. Tí ẹni tó bá kọ́kọ́ rí yín bá jágbe mọ́ yín, ẹ ní kí wọ́n jẹ́ kí ẹ rí dókítà mìíràn, kí ẹ má sì kúrò níbẹ̀ láìjẹ́ pé wọ́n ti yẹ ìdí yín wò.